Lẹ́tà Ṣíṣí sí Judith Baca: Ẹ Dá Búrọ́ọ̀ṣì Padà Sọ́wọ́ Àwọn Ọmọ

Ìyá wa Judith Baca,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá, ẹ kú ìdúró láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì mọ ọ̀nà Los Angeles. Èdè Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí nítorí pé ẹ̀yin nìkan kọ́ ni mo ń bá wí. Àwọn ènìyàn mi náà ń gbọ́: àwọn Yorùbá tó ń gbé ní ìlú yìí, tí wọ́n ń wa mọ́tò kọjá lórí afárá Tujunga lọ síbi iṣẹ́, tí wọn kò sì mọ Ògiri Ńlá Los Angeles, àwòrán gígùn tí ẹ kùn sára ògiri kòtò àgbàrá tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni mo mú wá. Ṣùgbọ́n kí n tó bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ki yín díẹ̀ lójú ara yín, kí àwọn tó ń gbọ́ lè mọ ẹni tí à ń bẹ̀.

Los Angeles ni wọ́n ti bí yín lọ́dún 1946, sínú ìdílé Chicano, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí ìran wọn ti Mẹ́síkò wá. Agboolé obìnrin ni ẹ dàgbà sí: ìyá yín, àwọn àǹtí yín, àti Francisca, ìyá ìyá yín, tó mọ ewé mọ egbò, tó ń fi àdúrà àti oògùn ìbílẹ̀ wo aláìsàn. (Ẹni tó bá ní irú ìyá àgbà bẹ́ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Ìbàdàn kò ní béèrè ìdí tí obìnrin fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú àwòrán yín.) Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, Spáníìṣì nìkan ló wà lẹ́nu yín. Olùkọ́ kò mọ ohun tí ì bá fi yín ṣe, ló bá ní kí ẹ jókòó sí igun kan kí ẹ máa ya àwòrán nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ yín ń kàwé. Èmi tí wọ́n fi pátákó kọ́ lọ́rùn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ torí pé mo sọ Yorùbá lákòókò ìsinmi, mo mọ bí irú igun bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí. Ẹ ṣe oríire ní ti pé wọ́n fún yín ní ọ̀dà.

Ẹ jáde ní yunifásítì ìpínlẹ̀ California ní Northridge lọ́dún 1969, ẹ sì padà lọ kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà ní Alemany, ilé ìwé girama Kátólíìkì tí ẹ̀yin fúnra yín ti jáde. Kò pẹ́ rárá. Ogun Vietnam ń jó, àwọn ọmọ Chicano sì ń kú síbẹ̀ ju bí iye wọn ṣe tó láàárín ìlú lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1970, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn tú sí títì ní Ìlà Oòrùn Los Angeles pé ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀yin náà lọ́wọ́ sí ìfẹ̀hónúhàn lórí ogun yẹn, ilé ìwé sì lé yín pẹ̀lú àwọn síísítà àti olùkọ́ mìíràn tí ọ̀rọ̀ wọn bá tiyín mu.

Ìjọba ìlú ló gbà yín lẹ́yìn náà, pé kí ẹ máa kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà nínú àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ní Boyle Heights nígbà ọlidé. Àwọn ọmọ tí ẹ bá níbẹ̀ ń kọ orúkọ ẹgbẹ́ wọn sára ògiri káàkiri. Ẹni tó bá ṣèèṣì wọ àdúgbò ẹgbẹ́ mìíràn lè má padà délé. Ìbàjẹ́ ni àwọn àgbà ìlú rí nínú ìkọkúkọ yẹn. Ẹ̀yin rí i pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń lo ògiri bí ìwé ìròyìn tipẹ́tipẹ́, pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà yóò mọ ẹni tó ni àdúgbò, ẹni tó ń bínú, ẹni tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ẹ kó nǹkan bí 20 jọ láti inú ẹgbẹ́ mẹ́rin tí kò fẹ́ rí ara wọn sójú, ẹ sọ orúkọ wọn ní Las Vistas Nuevas, ẹ̀yin pẹ̀lú wọn sì ya ìyá àgbà kan tó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ara ìtàgé gbangba tó wà ní Hollenbeck Park. Mi Abuelita ni wọ́n pe àwòrán náà, ìyá àgbà mi. Ọgbọ́n ńlá ni mo ka yíyan ìyá àgbà yẹn sí. Bó bá jẹ́ akọni ni ẹ ní kí wọ́n yà, wọn ì bá tún jà lórí akọni ẹgbẹ́ ta ni. Ta ni yóò bá ẹlòmíràn jà lórí ìyá àgbà?

Nígbà tó di 1974, ìgbìmọ̀ ìlú fi owó sí i kí iṣẹ́ náà lè kárí gbogbo Los Angeles, ó sì lé ní ògiri 400 tí wọ́n kùn lábẹ́ ètò náà. Ṣùgbọ́n owó ìjọba kì í wá láìní ojú tí yóò máa fi ṣọ́ ẹni tó gbà á. Nígbà tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ohun tí àwòrán kan tàbí òmíràn ń sọ, ó hàn pé ẹ nílò ilé tí kò sí lábẹ́ ọwọ́ wọn. Ní 1976, ẹ̀yin, Christina Schlesinger tó jẹ́ ayàwòrán, àti Donna Deitch tó ń ṣe fíìmù, ẹ dá SPARC sílẹ̀, àjọ tó ń ṣètò iṣẹ́ ọnà fún ìgboro. Àgọ́ ọlọ́pàá àtijọ́ ní àdúgbò Venice ní Los Angeles ni ẹ fi ṣe ilé iṣẹ́, tòun ti yàrá àtìmọ́lé rẹ̀. Ẹ wà níbẹ̀ títí dòní.

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ wá súnmọ́ ibi, torí ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn.

Lẹ́yìn omíyalé ńlá ọdún 1938, àwọn ẹ́ńjìnnìà ológun Amẹ́ríkà da kọnkéré bo odò Los Angeles àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀, títí odò fi di kòtò àgbàrá gbọọrọ tí omi kò lágbára nínú rẹ̀ àfi nígbà òjò. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka yẹn ni Tujunga Wash, ní àfonífojì San Fernando. Wọ́n fẹ́ tún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe kí ojú ibẹ̀ dára, wọ́n wá bá Ìyá Judith pé ṣé wọ́n lè ya nǹkan sára ògiri kòtò náà. Ọ̀ṣọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ìyá, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ rí. Ẹ ti bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣiṣẹ́ rí, tí wọ́n gún lọ́pọ̀ ìgbà, tí ẹ sì bá a ya àwòrán tí yóò fín sára láti fi bo àwọn àpá rẹ̀. Nígbà tí ẹ wo kọnkéré yẹn, ẹ ní àpá ni, àpá odò tó ti ń ṣàn níbẹ̀ rí, ẹ ó sì fín ara fún ilẹ̀ náà kó lè gbé àpá rẹ̀ bí ẹwà. Ní ilẹ̀ wa tí àwọn ìyá wa ti ń fín ara kí fọ́tò tó dé, kò sẹ́ni tí a ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún.

Ìgbà ooru 1976 ni ẹ kó ọmọ 80 wọ inú kòtò náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ní ọ̀ràn pẹ̀lú ọlọ́pàá, ilé ẹjọ́ ló sì fi àwọn kan ránṣẹ́. Wọ́n ń gba owó iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí pé àwa kì í san owó fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́: wọ́n ń gba owó. Wọ́n fọ ògiri, wọ́n sán an, wọ́n kun ìpìlẹ̀ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ya ojú tàbí ọwọ́ kan. Àwọn òpìtàn wá bá wọn sọ̀rọ̀, àwọn àgbàlagbà tí ojú wọn ti rí nǹkan wá pìtàn fún wọn, àwọn ayàwòrán sì sọ ìtàn náà di àwòrán kékeré lórí ìwé. Wọ́n fa ìlà lóòró àti níbùú sórí àwòrán kékeré yẹn, wọ́n sì fa iye ìlà kan náà sára ògiri ní ìwọ̀n tó fẹ̀. Ohun tó bá wà nínú ilé kan lórí ìwé, ọmọ yóò yà á sínú ilé tó bá a dọ́gba lára ògiri. Ìṣirò gidi ni. Ọmọ tó ti sá fún ìṣirò ní kíláàsì ń ṣe é láàárọ̀ ṣúlẹ̀ nínú oòrùn, lórí kọnkéré tó ń jó ẹsẹ̀, kò sì pè é ní ìṣirò.

1,000 ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n kùn lọ́dún yẹn nìkan. Ẹ padà síbẹ̀ ní 1978, ní 1980, ní 1981 àti ní 1983, ẹ ń fi nǹkan bí 350 ẹsẹ̀ bàtà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un nígbà kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí ẹ fi dúró, ó ti gùn tó 2,754 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn ju ìdajì máìlì lọ, gíga rẹ̀ sì tó 13, àwọn ọ̀dọ́ tó ti fọwọ́ kàn án sì ti lé ní 400. Ògiri Ńlá Los Angeles ni gbogbo ayé ń pè é. Ní 2017 ìjọba àpapọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi ìtàn tí orílẹ̀-èdè ń tọ́jú.

Mo ti rin ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wà lókè níwájú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹranko ńláńlá ń rì sínú ọ̀dà dúdú tó ń sun láti inú ilẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Chumash, ọ̀kan nínú àwọn ìran onílẹ̀ àtijọ́, ó sì dé ìgbà tí àwọn Sípéènì wọlé. Lẹ́yìn náà ni ọdún 1781, nígbà tí àwọn 44 tó tẹ ìlú Los Angeles dó dé. Kí àwọn ará wa tó ń sọ pé àlejò ni dúdú ní ìlú yìí gbọ́: ó lé ní ìdajì àwọn 44 yẹn tí ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà ń ṣàn lára wọn. Mẹ́síkò ni wọ́n ti wá. Nítorí náà nígbà tí ọmọ Mẹ́síkò àti ọmọ adúláwọ̀ bá ń wo ara wọn lójú ìjà ní gúúsù Los Angeles, ẹbí ń wo ẹbí ni.

Ohun tó mú mi dúró pẹ́ jù ni àwọn ọdún 1930 sí 1950. Àwọn ọmọ Mẹ́síkò tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ ojú irin láti lé wọn kúrò nílùú nígbà tí iṣẹ́ wọ́n, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ bíbí Amẹ́ríkà, wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ Japan tí wọ́n kó lọ sí àgọ́ ìhámọ́ nígbà ogun wà níbẹ̀. Ìyáàfin Laws wà níbẹ̀, obìnrin dúdú tó kọ̀ láti kó kúrò nínú ilé ara rẹ̀ nígbà tí ìwé àdéhùn ilẹ̀ sọ pé aláwọ̀ funfun nìkan ló gbọ́dọ̀ gbé àdúgbò náà. Títì márosẹ̀ ya bí ejò sáàárín àwọn ìdílé, ó pín wọn sí ọ̀tún àti òsì, pápá ìṣeré ẹgbẹ́ Dodgers tó ń gbá baseball sì ń ti òkè sọ̀kalẹ̀ sórí ilé àwọn ará Chavez Ravine bí ọkọ̀ àwọn ará ojú ọ̀run. Obìnrin tó ń kan ọkọ̀ òfurufú nígbà ogun, tẹlifíṣọ̀n ń fà á wọ inú ara rẹ̀ padà lọ sí ìdí ààrò. Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀, inú sì bí mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ṣeé ṣe kó di búrọ́ọ̀ṣì tó ya ìyẹn mú! Kò sí èyí tó kà nínú ìtàn wọ̀nyí nínú ìwé tí wọ́n fún un nílé ìwé.

Ìyẹn ni mo ṣe ń pè yín ní olùkọ́ kí n tó pè yín ní ayàwòrán. Ẹ ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì, ẹ kọ́ni ní yunifásítì California ní Irvine, ẹ sì kọ́ni ní ti Los Angeles, UCLA, láti 1996 fún ọdún tó lé ní ogún, ẹ dá ibi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ògiri sílẹ̀ níbẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ojú tèmi, kíláàsì yín tó tóbi jù ni kòtò yẹn.

Ẹ mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé ìlú yìí fẹ́ràn láti fi ọ̀dà funfun pa àwòrán rẹ́. Siqueiros, ọ̀gá ayàwòrán Mẹ́síkò tí ẹ lọ kọ́ ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Cuernavaca lọ́dún 1977, ya ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú sára ògiri kan lẹ́bàá Olvera Street ní 1932. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fi ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀, ó sì di 2012 kí aráàlú tó tún lè lọ wò ó. Nígbà kan ìlú fòfin de yíya àwòrán sára ògiri ilé ẹni pàápàá, 2013 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òfin náà kúrò. Tiyín náà kò bọ́: àwòrán àwọn obìnrin eléré ìje tí ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ 110 fún Òlíńpíìkì 1984, ní 2019 ẹ ṣàdédé rí i pé wọ́n ti fi ọ̀dà bò ó.

Ti Baldwin Park ló wù mí jù láti máa sọ fún ènìyàn. Ní 1993 ẹ ṣe iṣẹ́ kan sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ibẹ̀, ẹ sì fín oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ sí i lára. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé ó sàn kí àwọn wọ̀nyẹn tó dé. Ní 2005, ẹgbẹ́ kan tó kórìíra àwọn aṣíkiri ya wọ ìlú náà pé kí wọ́n wó o, pé aláwọ̀ funfun ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bú. Ẹ ní ẹnu aláwọ̀ funfun kan ní Baldwin Park gan-an ni ẹ ti gbọ́ ọ, àwọn ọmọ Mẹ́síkò ló sì ń sọ̀rọ̀ nípa wọn! Ẹ kàn gbé e síbẹ̀ láìsọ ẹni tó sọ ọ́, kí oníkálukú lè gbọ́ ohùn ọkàn ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ará ìlú jáde láti dáàbò bò ó, iṣẹ́ náà sì dúró. Irú àrékérekè bẹ́ẹ̀, Èṣù pàápàá yóò fi ẹ̀rín sí i.

Ó dáa. Mo ti kì yín tó. Ẹ̀bẹ̀ mi rèé.

Ní 1983, Ògiri Ńlá dúró síbi tí ọdún 1960 ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní 2021 àjọ Mellon fún SPARC ní mílíọ̀nù 5 dọ́là kí ẹ lè máa bá ìtàn náà lọ láti 1960 títí dé 2020. Lọ́dún kan náà mùsíọ́ọ̀mù Lucas ra àkójọ àwọn àwòrán ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù kẹta 2023 Ààrẹ Biden fi àmì ẹ̀yẹ iṣẹ́ ọnà tó ga jù ní Amẹ́ríkà kọ́ yín lọ́rùn. Kó tó di òpin ọdún yẹn, mùsíọ́ọ̀mù LACMA gbà yín sínú gbọ̀ngàn rẹ̀, ẹ̀yin àti àwọn ayàwòrán SPARC sì ń kun apá tuntun ògiri náà níbẹ̀ lójú àwọn olùwòran, títí wọ 2024. Mo lọ. Iṣẹ́ náà dára púpọ̀. Aṣọ pẹlẹbẹ ni wọ́n ń kùn ún sí, èyí tí wọn yóò gbé lọ lẹ̀ mọ́ ògiri kòtò tó bá yá.

Inú mi dùn, inú mi kò sì dùn. Àwọn tó ń kùn ún jẹ́ ọ̀dọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ iṣẹ́ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Mo wá ọmọ tí adájọ́ fi ránṣẹ́ láàárín wọn, n kò rí i. Ilé tútù ni, iná mànàmáná rẹ̀ dára, wọ́n sì fi okùn pa ààlà pé kí a má sún mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé ẹni tó ti lé ní ọdún 75 kò gbọ́dọ̀ tún lọ dúró nínú oòrùn oṣù keje, mo sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n kùn sínú ilé yóò pẹ́ ju èyí tí wọ́n kùn nínú kòtò lọ. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí ọ̀gá nìkan bá ń kùn ún, ògiri náà yóò gùn sí i, ẹwà rẹ̀ lè pọ̀ sí i, ohun tó jẹ́ kó yàtọ̀ sí àwọn àwòrán mìíràn nínú mùsíọ́ọ̀mù yóò sì ti bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Nítorí náà, lára owó yẹn, ẹ yọ èyí tí ẹ ó fi gba àwọn ọmọ ọdún 14 sí 18 síṣẹ́, kí ẹ sì san owó fún wọn bí ti àtijọ́. Kí wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wá ìtàn, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò ìfilọ́lẹ̀. Ẹ fi apá kan sílẹ̀ tí wọn yóò kùn fúnra wọn nínú kòtò, bó bá tilẹ̀ rí wúruwùru lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó kù. Àwọn 400 àtijọ́ ńkọ́? Àwọn tó jẹ́ ọmọdé ní 1976 ti di bàbá àgbà àti ìyá àgbà báyìí. Ẹ pè wọ́n padà kí wọ́n wá ṣe olùkọ́ àwọn tuntun. Kò sí ẹni tó lè bá ọmọ oníjàgídíjàgan sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti ṣe ìjàgídíjàgan rí, tó sì ní ògiri tó lè nawọ́ sí pé, wò ó, ibí yìí ni mo yà.

Ẹ̀bẹ̀ kejì kàn wá gan-an. Òfin ọdún 1965 ló ṣí ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà fún àwọn ará Éṣíà àti Áfíríkà. Òfin ọdún 1990 ló bí físà lọ́tìrì, ta ni kò sì mọ ẹni tó fi í wọlé nínú wa? Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà ní Inglewood, ní Hawthorne, ní Gardena, ọ̀kan nínú òfin méjèèjì yìí ló mú òbí wọn wá. A ń tọ́jú àwọn arúgbó Los Angeles lóru, a ń gbé àwọn ènìyàn lọ sí pápákọ̀ òfurufú láàárọ̀, a kún àwọn ilé ìwòsàn. Nígbà tí ògiri yín bá dé 1980 àti 1990, n kò fẹ́ kó jẹ́ pé a kò sí níbẹ̀. N kò sì fẹ́ kí ẹ fi obìnrin kan tó wé gèlè sí ẹ̀yìn èrò kí ẹ ní ẹ ti ya Áfíríkà. Àwọn 44 ti 1781 wà níbẹ̀. Wilma Rudolph, obìnrin adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tó ń sáré ìje, wà láàárín àwọn eléré ìdárayá tí ẹ fi parí ìtàn ní 1983. Okùn náà kò já, ẹ fà á dé ọ̀dọ̀ wa.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú ilé, kí àwọn ará mi má bàa rò pé ẹ̀yin nìkan ni mo dojú kọ. Àwa tí à ń bẹ̀bẹ̀ àyè lórí ògiri ọmọ Mẹ́síkò, báwo ni a ṣe ń ṣe sí wọn? A ń gbé ní ojúlé kan náà, ọmọ wa àti ọmọ wọn jọ wọ bọ́ọ̀sì kan náà, síbẹ̀ mo ti gbọ́ etí mi tí ìyá kan ń kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má bá "àwọn Mẹ́síkò yẹn" rìn. A máa ń sọ pé àwa fi ìwé wọlé, pé àwọn fo ògiri wọlé. Nígbà tí àwọn aṣọ́bodè bá ń mú ènìyàn lójú títì, àwa á ti ilẹ̀kùn, a ó ní kò kàn wá, títí wọn yóò fi mú ẹni tó jẹ́ ti wa. Ẹ lọ wo apá 1930 lórí ògiri náà, àwọn tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ ojú irin. Àwọn kan lára wọn ní ìwé. Bí a kò bá lè dúró níwájú àwòrán yẹn kí a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kàn wá, kí la fẹ́ wá ṣe nínú èyí tó tẹ̀ lé e?

Ìyá, èmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn àgbà wa sọ ọ́. Àwọn kan wà tó dé ìlú yìí ṣáájú 1980, wọ́n ṣì mọ orúkọ òpópónà tí wọ́n ti rí yàrá àkọ́kọ́, wọ́n mọ iye tí wọ́n san, wọ́n sì rántí ẹni tí kò fẹ́ gbà wọ́n sílé. Wọ́n ní fọ́tò. Wọ́n ti dàgbà, ẹni méjì tí mo gbẹ́kẹ̀ lé pé wọn yóò sọ̀rọ̀ ti kú. Ẹ rán àwọn ọmọ yín wá pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, a ó pèsè ibi tí wọn yóò jókòó sí, oúnjẹ yóò sì wà. Àwọn ọmọ tiwa náà yóò wà níbẹ̀, àwọn tó gbọ́ Spáníìṣì ju Yorùbá lọ, kí wọ́n lè máa túmọ̀ fún gbogbo wa.

Kìkì pé kí ẹ má mú Sátidé, òde àríyá ló ni ọjọ́ yẹn, ẹ kò ní rí ẹnikẹ́ni. Sunday jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì títí di agogo mẹ́ta ọ̀sán. Alẹ́ Túsìdeè ló rọrùn fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru, bí ẹ bá lè tètè dé kí wọ́n tó jáde.

Èmi ni ọmọ yín, obìnrin Yorùbá kan ní gúúsù Los Angeles.